Ẹ Sinmi Kó Tó Rẹ̀ Yín: Bí Òṣìṣẹ́ Fáktírì Ṣe Lè Tọ́jú Agbára Iṣan Rẹ̀

Ọdún 19 ni mo fi ń dé agolo ọ̀dà ní fáktírì. Agolo lítà 4 á gba orí bẹ́líìtì wá síwájú mi, màá fi ìdérí lé e, màá fi òòlù onírọ́bà lu etí rẹ̀ yí po títí yóò fi jókòó dáadáa, màá sì gbé e sínú páálí. Bẹ́ẹ̀ ni láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó ku bíi wákàtí kan ká ṣíwọ́, mo gbé agolo kan, ọwọ́ mi sì ṣí. Agolo náà ò yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ o. Ìka mi ló tú fúnra wọn. Ọ̀dà funfun ṣàn títí wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń bójú tó wa nígbà náà kọ "àìbìkítà" sínú ìwé ìjàǹbá, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i, nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tó máa wọ̀ ọ́ létí.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi yí kọ́kọ́rọ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ sí. Mo bìkítà. Iṣan ọwọ́ mi ni kò lókun mọ́, kò sì kìlọ̀ fún mi kó tó jáwọ́.

Ní báyìí, èmi ni mò ń bójú tó láìnì yẹn, òṣìṣẹ́ 14 ló wà lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, mo ti dán an wò lára mi tàbí lára wọn, mo sì ti bi àwọn tó mọ̀ nípa ara léèrè. Orí nǹkan kan ṣoṣo ló dúró lé: ìsinmi tó dé lẹ́yìn tó ti rẹ èèyàn tán, ó ti pẹ́ kó tó dé. Iṣan tí ẹ bá fún ní ìṣẹ́jú kan kó tó rẹ̀ yóò bá yín ṣiṣẹ́ dìrọ̀lẹ́. Èyí tí ẹ bá lò títí tí okun rẹ̀ fi tán, wákàtí kan lè má tó o. Nígbà míì, ó máa ń di ọjọ́ kejì kó tó padà bọ̀ sípò.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọwọ́ yín

Tí ẹ bá sọ fún ọ̀gá pé ó ti rẹ̀ yín, á ní ta ni kò rẹ̀. Tí ẹ bá gbé nọ́ńbà síwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní dynamometer, ó wà lọ́wọ́ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Ó ní ibi tí èèyàn ń dì mú, ó sì ní ojú bíi ti aago tó ń sọ iye kílò tí ọwọ́ fi fún un. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò, mo yá a ni. Lẹ́yìn náà ni fáktírì ra tiwa.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Ẹ fi apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ká ìgúnpá bí igun àpótí, kí ọrùn ọwọ́ yín gún régé. Ẹ fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú gbogbo agbára yín fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ tún un ṣe. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 5 tí ẹ ṣíwọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí kó tó wọ̀n ọ́n, torí iṣan á ti gba okun díẹ̀ padà, nọ́ńbà yẹn á sì tàn yín.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, ẹ wo ibi ìtọ́jú tó wà nínú fáktírì yín. Wọ́n á ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, irú èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá. Ẹ ká aṣọ rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i títí abẹ́rẹ́ fi dé 20, ẹ wá fọwọ́ fún un. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gòkè dé ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Kì í ṣe kílò, àmọ́ ẹ lè fi ti àárọ̀ wé ti ìrọ̀lẹ́, ohun tí a sì ń wá nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo wọ̀n, torí òun ló ń di òòlù mú. Kílò 31 láàárọ̀, kílò 26 nírọ̀lẹ́. Mo rò pé mo ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí físíò tó yá mi lẹ́rọ ní kí n wọn ọwọ́ òsì ni ẹnu yà mí: 29 láàárọ̀, 20 nírọ̀lẹ́. Ọwọ́ tí kì í lu nǹkan kan rárá ló rẹ̀ jù. Màá padà sórí rẹ̀.

Ọwọ́ ò lè sọ ohun tó wà lẹ́yìn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń da àpò ìyẹ̀fun ọ̀dà sínú táǹkì lọ́dọ̀ wa, 52 ló ń fún láàárọ̀, 50 nírọ̀lẹ́. Ẹni bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan á ní kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ tó bá ṣíwọ́, ó ń fọwọ́ ti ìbàdí rìn ni. Nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe ń lo òdíwọ̀n tí Gunnar Borg, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, gbé kalẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: láti 0 dé 10, báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe le tó lára mi báyìí? 0 ni pé kò sí nǹkan kan, 3 ni pé ó mọ níwọ̀n, 5 ni pé ó le, 7 ni pé ó le gan-an, 10 ni pé agbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹ máa dá ọrùn béèrè, ẹ dá èjìká béèrè, ẹ dá ọwọ́, ẹ̀yìn, orúnkún àti ẹsẹ̀ béèrè. Wákàtí méjì-méjì ni àwa ń béèrè. Òfin mi ni pé ibikíbi tó bá ti wọ 5 lára ẹnì kan, kó kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn bọ́ sí òmíràn. A ò ń dúró de 7.

Dídì mú ló ń pa iṣan, ju gbígbé lọ

Ẹ gbé ike omi lítà 1 tó kún. Ẹ na apá síwájú gbọnrangandan, kó wà ní déédéé èjìká, kí ẹ má mì. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìka yóò máa gbọ̀n, èjìká á máa jó yín bí iná. Ẹ sinmi dáadáa. Ẹ wá mú ike kan náà, ẹ máa gbé e sókè, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ó rí i pé ẹ lè ṣe ìyẹn fún àkókò tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ike kan náà ni.

Ìdí ni pé bí iṣan bá sún kì, ó máa ń tẹ àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọlé dáadáa láti gbé afẹ́fẹ́ wá, kò sì ní lè jáde dáadáa láti kó ìdọ̀tí lọ. Tí ẹ bá ń gbé e sókè sódò, iṣan ń kì, ó ń dẹ̀, ó ń kì, ó ń dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń rí àyè kọjá nígbà tó bá dẹ̀. Tí ẹ bá dì í mú láìmì, ẹ ti sé odò náà.

Lọ́dún 1960, Walter Rohmert, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ṣe ìwọ̀n bí èèyàn ṣe lè pẹ́ tó lẹ́nu dídi nǹkan mú. Ẹni tó bá ń lo ìdajì gbogbo agbára rẹ̀, bíi ìṣẹ́jú kan ni yóò fi dúró. Tó bá jẹ́ ìdá 15 nínú 100, ó lè pẹ́ gan-an. Àwọn tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé fún iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ìdá 15 yẹn pàápàá ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ẹ fi wé iṣẹ́ yín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè fún kílò 30, kílò 4 àbọ̀ ni ìdá 15 rẹ̀. Agolo ọ̀dà kan ṣoṣo ju kílò 5 lọ.

Èyí ló dáhùn ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì mi. Nígbà tí ọ̀tún ń lu ìdérí, òsì ló ń di agolo mú kó má yí. Ọ̀tún ń lù, ó ń sinmi láàárín lílù kan sí èkejì. Òsì ò sinmi rárá. Ìgbà tí mo wo àwọn yòókù, mo rí i pé gbogbo wa la ní ọwọ́ tó ń di nǹkan mú tí ẹnikẹ́ni ò kà sí iṣẹ́: àtàǹpàkò tó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ látàárọ̀, ọrùn tó tẹ̀ síwájú láti wo lébẹ́ẹ̀lì, èjìká tó gbé sókè nítorí tábìlì ga jù, ẹsẹ̀ tó dúró lójú kan fún wákàtí mẹ́rin.

Ohun tí a ṣe sí tèmi kò gba owó tó ṣeé sọ. Káfíńtà fáktírì gé pákó kan, ó gbẹ́ ihò róbótó sí i tó gba ìdí agolo géérégé, ó sì kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì. Agolo á wọ inú ihò, á dúró, ọwọ́ òsì ò ní iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń lò ó, ọwọ́ òsì mi ń wọn 29 láàárọ̀, 26 nírọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ro ohunkóhun mìíràn, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ má wo ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Èyí tó dúró jẹ́ẹ́ ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dì mú, ẹ wá nǹkan tó lè bá a dì í: ihò, ìkọ́, ìdè.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Wọ́n ní ásíìdì ló ń fa ara ríro ọjọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ásíìdì tí wọ́n ń sọ yẹn á ti kúrò nínú iṣan láàárín bíi wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ara ríro tó ń le láàárín wákàtí 24 sí 72, ọgbẹ́ kéékèèké inú iṣan ló fà á, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ tí ara ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó òṣìṣẹ́ tuntun sídìí iṣẹ́ tó wúwo jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kó gùn ún díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Bí a ṣe ń sinmi

Ìsinmi kúkúrú lemọ́lemọ́ sàn ju ìsinmi gígùn kan ṣoṣo lọ. Lọ́dọ̀ wa, ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí ni, ìṣẹ́jú kan péré. Agogo ló ń lù, torí ẹni tó bá dúró kó rẹ òun kó tó sinmi kò ní mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́. Àsìkò oúnjẹ wà lọ́tọ̀, a ò yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún un, ọ̀gá ṣírò ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn fún mi, ó ní agolo báyìí-báyìí ni yóò bọ́. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó ka agolo fúnra rẹ̀. Iye agolo kò dín. Ohun tó máa ń fà wá sẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ni wákàtí tó kẹ́yìn, nígbà tí ìdérí ń wọ́, tí a ń pe agolo padà láti tún un lù.

Nínú ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ẹ gbọ̀n ọ́n nù jẹ́jẹ́, kí ẹ la ìka kí ẹ sì pa á dé. Ẹni tó dúró, kó jókòó. Ẹni tó jókòó, kó dìde rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi tẹ fóònù. Àtàǹpàkò kan náà ni, ọrùn kan náà ló sì tún tẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara yín pẹ̀lú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbí, torí mo ṣe àṣìṣe tó na àwọn èèyàn mi ní ìrora oṣù kan gbáko. Mo pín wa sí ipò mẹ́ta: dídé agolo, lílẹ lébẹ́ẹ̀lì, fífi gọ́ọ̀mù dí páálí. Mo rò pé wákàtí kọ̀ọ̀kan la ó máa yí, ara á sinmi. Nọ́ńbà ìrọ̀lẹ́ ò gbéra. Mo jókòó ti ìwé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ orúkọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ iṣan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò síwájú rẹ̀. Ọwọ́, ọwọ́, ọwọ́. Orúkọ iṣẹ́ ni mo ń pààrọ̀, iṣan kan náà ni mò ń lò. Ní báyìí, ẹni tó bá dé agolo á lọ síbi títo páálí, níbi tí itan àti ẹ̀yìn ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà á lọ wo àbùkù ara agolo, níbi tó jẹ́ pé ojú ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ tó ń fẹ́ ọwọ́ tó dúró tẹ̀ lé iṣẹ́ líle, torí ọwọ́ á ṣì máa gbọ̀n.

Ọpọlọ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Angelo Mosso, oníṣègùn ará Ítálì, ṣe ẹ̀rọ kan ní ìlú Turin láàárín ọdún 1880 sí 1890 tó ń mú kí ìka àárín máa fa ohun wíwúwo kan sókè títí yóò fi rẹ̀. Ó rí i pé lẹ́yìn iṣẹ́ ọpọlọ tó le, ìka náà kò lè fa ohun náà tó bó ṣe ń fà á tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi wákàtí mẹ́ta wo àbùkù lára agolo, ẹ má rò pé ó ń bọ̀ nídìí eré.

Ẹrù gbígbé: ẹ fà á mọ́ra, ẹ gbé e ga

Ọ̀dọ́kùnrin tí mo sọ nípa ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àpò kílò 25 ló ń gbé. Ó lágbára, ó sì mọ̀ pé òun lágbára. Mo ní, "Jẹ́ kí n wo bó o ṣe ń gbé e." Ó ní, "Màmá, ẹ má dààmú, kò wúwo." Ilẹ̀ ni àpò náà wà, lórí páléètì pẹlẹbẹ. Ó na ọwọ́ jìnnà kó tó kàn án, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó sì lọ́ ara sí ẹ̀gbẹ́ láti dà á sínú táǹkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí nípa ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́, ní ìṣirò kan fún ẹrù gbígbé, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 1991. Kílò 23 ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn tí ohun gbogbo bá dára: tí ẹrù kò bá jìn ju sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín ọrùn ẹsẹ̀, tó wà ní gíga sẹ̀ǹtímítà 75 nílẹ̀, tí ibi ìdìmú rẹ̀ dára, tí èèyàn ò lọ́ ara, tí kì í sì í ṣe lemọ́lemọ́. Ẹ wo bó ṣe ń dín kù. Tí ẹrù bá jìn sí yín ní sẹ̀ǹtímítà 50, ó di ìdajì, kílò 11 àbọ̀. Tó bá tún jẹ́ ilẹ̀ lẹ ti gbé e, ó ku bíi kílò 9. Tí ẹ bá tún lọ́ ara ní dìgírì 45, kò tó kílò 8 mọ́. A ò tíì ka iye ìgbà tó gbé e láàárín wákàtí kan o. Àpò kílò 25 yẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ òun ń sọ pé kò wúwo.

Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wá ẹni tó lágbára jù. Ẹ gbé páléètì tó ṣófo mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé ara wọn, kí ẹ wá gbé èyí tó ní àpò lé e lórí, kí ẹrù lè wà ní déédéé itan tàbí ìbàdí. Ẹ máa yí páléètì ká, kí ẹ má baà na ọwọ́ kọjá ìlà kan láti mú ìlà tó wà lẹ́yìn. Ẹ fà á mọ́ra kí ẹ tó gbé e. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí, kí ìbàdí má lọ́. Ohun tí ẹ bá lè fi ọmọlanke tì, ẹ má gbé e. Títì sì sàn ju fífà lọ.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ pé ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní ọkùnrin lè gbé kílò 55. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ìmọ̀ràn tí àjọ náà gbé jáde lọ́dún 1967, òpin ni, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọjá. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ máa gbé e látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi òpin ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ń ba ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Gíga tábìlì náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́. Ìgúnpá ni ìwọ̀n. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ tó ń fẹ́ ojú, kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lókè ìgúnpá. Iṣẹ́ fúyẹ́, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 nísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ kí èèyàn tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, kó tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kúrú ń jìyà nídìí tábìlì tí wọ́n ṣe fún ẹni gíga, pákó tí èèyàn lè dúró lé ló sì máa ń yanjú rẹ̀.

Irinṣẹ́, ooru, òru

Èèkù irinṣẹ́ tí gbogbo ọwọ́ yóò dì mú, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Kí ọrùn ọwọ́ máa gún. Bó bá ti tẹ̀, agbára ìka ti dín kù nìyẹn. Fífi ìka fún nǹkan pọ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí odidi ọwọ́ ní, nítorí náà ohun tí ẹ bá lè fi àtẹ́lẹwọ́ gbé, ẹ má fi orí ìka mú un. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù tàbí tó nípọn jù ń gba agbára lọ́wọ́ yín, ẹ bèèrè èyí tó bá ọwọ́ yín mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, ẹ má fún un kọjá bó ṣe yẹ, torí bí ẹ bá ṣe ń fún un tó ni gbígbọ̀n rẹ̀ ń wọ ọwọ́ tó. Lọ́dún 1918, dókítà obìnrin kan, Alice Hamilton, lọ wo àwọn tó ń gbẹ́ òkúta ní Bedford, ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ó rí i pé ìka wọn ń funfun, ó sì ń kú, pàápàá nínú òtútù. Tí ìka yín bá ń funfun, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Tó bá ti jinlẹ̀, kì í sàn tán.

Kò sí ẹ̀rí pé bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí ń dáàbò bo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ yá. NIOSH ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1994. Owó yẹn, ẹ fi ra ọmọlanke.

Níbi tó bá gbóná, ife omi kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Pajápajá lè mú iṣan tí omi àti iyọ̀ rẹ̀ bá dín kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ṣíìfù alẹ́, ara máa ń tutù jù láàárín aago 3 sí 5 òru, agbára á sì lọ sílẹ̀. Ẹ fi iṣẹ́ tó wúwo sí ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú kí oorun yín tó wákàtí 7, torí nínú oorun ni iṣan ti ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ líle kì í ṣe eré ìdárayá

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn ti tó eré ìdárayá. Mo máa ń ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Eré ìdárayá ń lo iṣan gbogbo, ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ìsinmi ọjọ́ kan sí méjì sì ń tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ wa ń lo iṣan kan náà, wákàtí 8, lójoojúmọ́. Iṣan tó ń pa ìka dé ń le, àwọn tó ń la ìka ò rí iṣẹ́ ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fún iṣan lókun ní ọjọ́ méjì ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀.

Eré ìdárayá mẹ́rin péré ni mò ń ṣe, lọ́jọ́ tí n kò bá lọ síṣẹ́ àti ọjọ́ kan sí i. Mo ń jókòó sórí àga, mo ń dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo ń fọwọ́ ti ògiri bíi pé mo fẹ́ bì í wó, mo ń tẹ̀ síwájú, mo ń padà. Mo ń fi rọ́bà gígùn kọ́ ara ilẹ̀kùn, mo ń fà á wá sí àyà láti fún àárín ẹ̀yìn lókun. Mo sì ń fi rọ́bà kékeré de orí ìka márààrún, mo ń là á. Ìpele mẹ́ta-mẹ́ta, mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára èèyàn máa ń ga jù láàárín ọdún 20 sí 35, ó sì máa ń rọra lọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ọdún 65 máa ń ní bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ní nígbà ọ̀dọ́. Mo ti kọjá 50. Ohun tí mo ní ni mò ń ṣọ́.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Tí àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín bá ń kú tàbí tó ń ta yín ṣínṣín lóru títí ẹ fi ń jí láti gbọ̀n ọ́n. Tí agbára ọwọ́ kò bá padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì ìsinmi. Tí ìrora bá ń gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Èyí tó sì burú jù: tí ara bá ń ro yín gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ líle, pàápàá nínú ooru, tí ìtọ̀ yín wá dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ẹ má sùn mọ́jú. Iṣan ló ń fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn.

Ẹ má sì sọ oògùn ìrora di oúnjẹ àárọ̀ kẹ́ ẹ baà lè parí ṣíìfù. Ìrora yẹn ń sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Tí ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́, ẹ ò ní mọ ibi tí ẹ ó tún ṣe.

Ìwé yín

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, ipò iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì, ibi tó ń dunni láti 0 dé 10. Ẹ kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, kí ẹ lè mọ ohun tí ìyípadà náà mú wá. Tí ẹ bá ń lọ bá ọ̀gá, ẹ mú nọ́ńbà dání, ẹ sì mú àtúnṣe kan dání pẹ̀lú, èyí tó kéré jù tí wọ́n lè ṣe lọ́sẹ̀ yẹn: pákó oníhò, páléètì mẹ́ta, agogo. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé àpò ti ní ìwé tirẹ̀ báyìí. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Màmá, ẹ̀yìn mi wọ 5 ní aago 11." Ẹlòmíràn ló da àpò títí di aago 1.

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó, ìwé ìjàǹbá ni mo kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún tẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tó fa ìjàǹbá ṣì wà níbẹ̀. Ìlà méjì ni mo ní kí wọ́n fi ṣáájú rẹ̀: wákàtí mélòó ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àti ìgbà wo ló sinmi kẹ́yìn?